Mọ́tò Tó Ti Dàgbà: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Kí Ẹ Tún Un Ṣe Tàbí Kí Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ákùúrẹ́ ló ń ta mọ́tò wọn lọ́sẹ̀ tó bá dójú tì wọ́n. Á kú sójú títì Ọba Adésidà lọ́sàn-án gangan, ọlọ́kadà á máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn, inú á bí wọn, wọ́n á sì pe alágbàtà kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Wọ́n á lọ kó owó àjẹṣẹ́kù ra tọ́kúnbọ̀, oṣù mẹ́fà ò sì ní í pé tí jíà tọ́kúnbọ̀ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àwọn kan tún wà lódìkejì. Mọ́tò tiwọn ti kú tán, àmọ́ torí pé oṣù tó kọjá ni wọ́n ná ₦200,000 lé e lórí, wọn ò lè fi sílẹ̀, wọ́n á tún ná òmíràn. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí wọ́n tó pinnu.

Ìtọ́sọ́nà yìí máa gbà yín tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú, pàápàá ẹni tó máa rí nǹkan gbà nínú ọjà náà.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Ìwé kan àti bírò. Fóònù náà lè ṣe é, àmọ́ ìwé dáa jù torí ẹ máa fẹ́ wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.
- Àkọsílẹ̀ báńkì yín fún oṣù 12 tó kọjá.
- Aṣọ funfun tó mọ́, tọ́ọ̀ṣì, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, àti páálí fẹ̀ǹfẹ̀ kan.
- Mẹkáníìkì kejì, tí kì í ṣe ẹni tó ń tún mọ́tò yín ṣe, tí kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.
- Ẹni tó ní síkánà tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò.
- Owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ẹ má retí pé kí ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí ẹni tó bá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ á wá ibòmíràn gba owó rẹ̀.

ÌPELE KÌÍNÍ: Ẹ kó ìnáwó ọdún kan jọ

Tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá.

Ẹ wá ṣí àkọsílẹ̀ báńkì yín. Ẹ wá orúkọ mẹkáníìkì, rìwáyà, fọkanáísà, pánẹ́lì bítà, àti àwọn tó ń ta páàtì. Èyí tí ẹ san lówó lásán, ẹ bi ara yín àti ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ ó rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sọ́nà mẹ́ta:

1. Ìtọ́jú tí gbogbo mọ́tò ń gbà: ọ́ìlì, fílítà, táyà, bátìrì, páàdì bíréèkì, ìwé ọkọ̀.
2. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan: nǹkan bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó sì parí síbẹ̀.
3. Àtúnṣe tó ń padà wá: nǹkan kan náà tí wọ́n ti tún ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á ka táyà mẹ́rin àti bátìrì mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́tò àtijọ́. Mọ́tò tuntun náà á jẹ táyà, á sì mu ọ́ìlì. Ọ̀nà kìíní kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí mọ́tò kankan, nítorí náà a máa yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò níwájú. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ tẹjú mọ́. Rédíétọ̀ tí wọ́n ti jó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan lè má jẹ́ ẹjọ́ mọ́tò rárá. Ó lè jẹ́ pé ojúlówó ni wọn ò rà, tàbí pé fáànù tó yẹ kó tu ú lára ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí tí ẹ bá lè dáhùn láìwojú òkè pé, "Yàtọ̀ sí ìtọ́jú, iye báyìí ni mọ́tò yìí gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá."

ÌPELE KEJÌ: Ẹ yẹ òpó mẹ́ta wò

Mọ́tò ní òpó mẹ́ta: ẹ́ńjìnnì, jíà, àti ṣásì pẹ̀lú bọ́ọ̀dì. Gbogbo nǹkan yòókù ni èèyàn lè rà lọ́ja kó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀kì tó ń dún gbàgà-gbàgà lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì, AC tí kò tutù, ìjókòó tó ya, gíláàsì tí kò gòkè mọ́: wọ́n ń múnú bíni, àmọ́ wọn kì í pa mọ́tò. Àwọn wọ̀nyí ló ń lé èèyàn kúrò nídìí mọ́tò tó ṣì lágbára, nígbà tí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú lọ ń yọ̀ nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán.

Ẹ́ńjìnnì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó gbóná rárá. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fa páálí jáde kí ẹ wo ohun tó kán sí i. Dúdú tó ń yọ̀ jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Pupa tàbí pupa rúsúrúsú sábà máa ń jẹ́ ọ́ìlì jíà tàbí ti sítíárìn. Omi lásán tó kán látinú AC kì í ṣe àìsàn.

Ẹ fa irin ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, ẹ fi aṣọ funfun nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún fà á. Kí ọ́ìlì dúdú kò burú, iṣẹ́ ló ṣe. Ohun tó burú ni kó wálẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀ láàárín pípààrọ̀ kan sí èkejì, tàbí kó di funfun rúsúrúsú tó ń hó. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ohun funfun náà bá pọ̀ níbẹ̀, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí, ó ṣeé ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sáná sí i, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn sílẹ́ńsà. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọ̀rinrin tó pòórá láìpẹ́ kì í ṣe nǹkan. Èyí tó ki tí kò sì dáwọ́ dúró ń sọ pé omi ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Èéfín búlúù ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín dúdú ń sọ pé epo tó ń wọlé pọ̀ jù, èyí sì lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, fílítà afẹ́fẹ́ tàbí sẹ́ńsọ̀, tí owó wọn kéré sí ti ẹ́ńjìnnì lọ́nà jíjìn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi èéfín dúdú sọ fún yín pé ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi inú rẹ̀ á tú jáde, á sì bó ojú àti ọwọ́ yín.

Jíà. Tó bá jẹ́ ọ̀tò, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé e láti P sí D, kí ẹ ka ọ̀kan, èjì. Ó yẹ kó ti mú. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó gbá gìjà kó tó mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ sójú ọ̀nà Ìdànrè níbi tí òkè ti wà. Ìgboro ò lè sọ òtítọ́ jíà fún yín, torí láti Alágbàka dé Ọjà Ọba, dúró-kí-n-lọ ni. Orí òkè ni jíà tó ti rẹ̀ máa ń tú ara rẹ̀ fó: ẹ́ńjìnnì á ké, nọ́ńbà yíyí ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á gòkè, mọ́tò ò sì ní í yára sí i. Tí ẹ bá padà dé, ẹ wo ọ́ìlì jíà bí mọ́tò yín bá ní irin ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, òpó yẹn ti ń wó.

Ṣásì àti bọ́ọ̀dì. Òjò wa pọ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń sùn sábẹ́ mọ́tò. Ẹ gbé e sórí irin gíga lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ fi ṣúkúrúdíráfà gún ibi tí wọ́n ń ti jákì sí, ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti pàdé bọ́ọ̀dì, àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ìpẹtà ojú lásán ṣeé fọ̀. Èyí tí ṣúkúrúdíráfà wọnú rẹ̀ kì í ṣe ìpẹtà mọ́, ihò ni. Ẹ tún fi mágínẹ́ẹ̀tì kan ara bọ́ọ̀dì kiri: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, pútì ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Ní ti abẹ́ mọ́tò tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn bámúbámú, ẹ má tìtorí ẹwà rẹ̀ fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ gún.

Síkánà wá gbẹ̀yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á so ó mọ́ mọ́tò, iná "check engine" á kú, oníbàárà á sì máa dúpẹ́. Pípa iná kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ ní kí wọ́n kọ kóòdù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ ya fọ́tò ojú síkánà náà.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ kọ ìdájọ́ kan sí iwájú òpó kọ̀ọ̀kan: ó dúró, ó ń mì, tàbí ó ti wó. Tí méjì bá ti wó, ẹ fò lọ sí ìpele keje. Mi ò rí ìṣirò tó lè gba irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ là.

ÌPELE KẸTA: Ẹ sanwó fún ojú kejì

Ọ̀gá mẹkáníìkì yín lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Síbẹ̀, òun ló máa gba iṣẹ́ náà tí ẹ bá ní kí wọ́n tún un ṣe, ó sì lè jẹ́ òun náà ló máa bá yín wá tọ́kúnbọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò gbé e wá fún àtúnṣe, àyẹ̀wò ni mo fẹ́ sanwó fún."

"Àyẹ̀wò nìkan? Kí ló ń ṣe é?"

"Ẹ bá mi wò ó ná, ọ̀gá. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi kí n kọ ọ́: èyí tí kò lè dúró, èyí tó lè dé ọdún tó ń bọ̀, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà."

Ẹ kíyè sí i pé a ò sọ àìsàn mọ́tò fún un. Tí ẹ bá ní, "Ó ń gbóná," ohun tó ń gbóná nìkan ló máa wá, á sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Àyẹ̀wò náà yọrí sí rere tí ẹ bá ní ìwé kan lọ́wọ́ tó ní iye owó lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. "Iṣẹ́ pọ̀ lára ẹ̀, ẹ kàn tà á" kì í ṣe àyẹ̀wò.

ÌPELE KẸRIN: Ẹ ṣírò ọdún kan sí ọdún kan

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà jù. Wọ́n á gbé owó àtúnṣe ₦700,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ₦6,500,000, wọ́n á ní títún un ṣe ló dín. Ẹlòmíràn á ní, "₦700,000 lórí mọ́tò tí kò ju ₦2,000,000 lọ? Ẹ gbà mí!" Àwọn méjèèjì ń fi ohun tí kò bára mu wéra. Iye tí ọdún kan máa ná yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbé síra.

Owó àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Mọ́tò àtijọ́: lónìí, ẹ lè tà á ní ₦2,000,000. Mẹkáníìkì kejì ní ọdún tó ń bọ̀ máa gba ₦700,000, láìka ìtọ́jú. Tọ́dún bá fi yí, iye tí ẹ lè tà á á ti wálẹ̀ sí ₦1,800,000, ẹ̀yin sì ti pàdánù ₦200,000. Àpapọ̀: ₦900,000 fún ọdún kan.

Tọ́kúnbọ̀: ₦6,500,000. Ìwé, táyà, ọ́ìlì, bátìrì àti gbogbo ohun tí tọ́kúnbọ̀ ń béèrè kó tó dúró dáadáa, owó ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ìtọ́jú ọdọọdún: ₦750,000. Ó di ₦7,250,000. Ká ní ẹ lò ó fún ọdún 5 kí ẹ tó tà á ní ₦3,500,000. Ó jẹ ₦3,750,000, ìyẹn ₦750,000 lọ́dún. Ẹ fi àtúnṣe ₦300,000 kún un. Àpapọ̀: ₦1,050,000 fún ọdún kan.

Títí dé ibí, mọ́tò àtijọ́ ló borí. Àmọ́ epo ń bọ̀. Ẹ kún táǹkì bámúbámú, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà, ẹ wà á bí ẹ ṣe ń wà á lójoojúmọ́, ẹ tún kún un padà nílé epo kan náà, kí ẹ fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ká ní tiyín ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan, tọ́kúnbọ̀ tí ẹ ń wò sì ń rin 13. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 12,000 lọ́dún, àtijọ́ á mu lítà 1,200, èkejì á mu bíi 923. Ìyàtọ̀ jẹ́ lítà 277. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà kan ò tó ₦200, nítorí náà ìyàtọ̀ yìí ò lè tó ₦55,400. Tí ẹ bá fi lítà ₦900 ṣírò rẹ̀, ó di ₦249,300. Mọ́tò àtijọ́ á gòkè sí ₦1,149,300, tọ́kúnbọ̀ á sì borí.

Ṣùgbọ́n níbo lowó tọ́kúnbọ̀ ti wá? Tí ẹ bá yá ₦5,000,000 tí gbogbo èlé rẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000, ẹ pín èlé náà sí ọdún 5. ₦200,000 lọ́dún nìyẹn. Tọ́kúnbọ̀ di ₦1,250,000, àtijọ́ tún borí.

Ẹ wo bí ìdáhùn ṣe yí padà lẹ́ẹ̀mejì lórí mọ́tò kan náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìmọ̀ràn ẹni tó bá sọ fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà pé "tà á" tàbí "má tà á" láì béèrè bí ẹni náà ṣe ń rìn tó àti ibi tówó ti ń wá.

Tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ò bá tó ìdá márùn-ún kan, èmi á ní kí ẹ di àtijọ́ mú fún ọdún kan sí i. Ẹ ti mọ àìsàn rẹ̀. Ti tọ́kúnbọ̀, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín, tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan, tún ìṣirò náà ṣe láìwo ìdáhùn yín. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá dé ibì kan náà, ẹ tẹ̀ síwájú.

ÌPELE KARÙN-ÚN: Ohun tí owó ò lè dá lẹ́jọ́

Sítíárìn tó ń ṣe bákan, bíréèkì tó ń rì mọ́lẹ̀, ṣásì tó ti jẹrà: àwọn wọ̀nyí ò gba ìṣirò. Ẹ tún wọn ṣe kí mọ́tò tó jáde, tàbí kí ẹ gbé e kúrò lójú títì. Èèyàn ló wà nínú mọ́tò yín, èèyàn ló sì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ tún béèrè ibi tí mọ́tò náà ń lọ. Ẹni tó ń ti Ìjàpó lọ yunifásítì FUTA nínú ìlú tó ń padà lè fara da mọ́tò tó ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gba Ọ̀rẹ̀ lọ Èkó lóṣooṣù, tàbí tó ń rìn ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lálẹ́, kò lè fara dà á, kí mọ́tò dá èèyàn dúró nínú igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀nà kan wà láàárín tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ẹ fi àtijọ́ sílẹ̀ fún ìgboro, kí ẹ máa wọ ọkọ̀ èrò tí ẹ bá ń rìn jìnnà.

ÌPELE KẸFÀ: Tí ẹ bá ní ẹ máa dì í mú

Ẹ tún un ṣe bó ṣe tọ́ kó tẹ̀ léra: bíréèkì, sítíárìn àti táyà; lẹ́yìn náà ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù; lẹ́yìn náà ibi tó ń jò; lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì. AC àti ọ̀dà ló kẹ́yìn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀dà pọ̀, wọ́n á wá ní mọ́tò tó ń dán lójú àmọ́ tó ń hó lórí òkè.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lópin àkọlé DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, táyà tó ti gbó nínú ilé ìtajà lè bẹ́ lórí eré.

Tí wọ́n bá ní ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ rí i pé nọ́ńbà tuntun náà wọnú ìwé ọkọ̀ yín. Bí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá. Ẹni tó sì ń ronú láti so CNG, ìyẹn gáàsì tí mọ́tò lè máa lò dípò epo, mọ́ mọ́tò, kó má so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń jó ọ́ìlì. Kó kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì sàn.

Ẹ wá kọ iye kan sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i: "Láàárín òní àti oṣù yìí lọ́dún tó ń bọ̀, tí àtúnṣe bá ti kọjá iye báyìí, mo máa tà á." Ìgbà tí mọ́tò ń rìn dáadáa ni kí ẹ kọ ọ́, torí tó bá bàjẹ́ tán, iye náà á máa sún síwájú ni.

ÌPELE KEJE: Tí ẹ bá ní ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ mú mẹkáníìkì kejì yẹn lọ, kí ẹ ṣe gbogbo ìpele kejì lára mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ní kí wọ́n sáná sí i. Tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, torí ẹ́ńjìnnì tó gbóná máa ń fi àìsàn òwúrọ̀ pamọ́.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́tò: 7 jẹ́ 2007, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012. Tí alágbàtà bá ní 2012 ni, tí ẹ sì rí 9 níbẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, ẹ kàn máa lọ. Nọ́ńbà ìrìn mọ́tò Amẹ́ríkà jẹ́ máìlì, kì í ṣe kìlómítà: 120,000 ibẹ̀ ti ju kìlómítà 190,000 lọ.

Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì wo bóòtù tó di ìjókòó mú. Mọ́tò tí àgbàrá ti bò rí máa ń ní ẹrẹ̀ gbígbẹ nínú kọ̀rọ̀ àti ìpẹtà lára àwọn bóòtù yẹn, wáyà rẹ̀ ò sì ní í jẹ́ kí ẹ sinmi. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Mọ́tò tí wọn ò san owó ibodè rẹ̀ pé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹni tó tà á fún yín ò sì ní í sí níbẹ̀.

Ní ti àtijọ́, ẹ sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ẹ fi ìwé àyẹ̀wò hàn án, ọ̀pọ̀ ló máa sanwó tó dáa torí pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ẹ kọ ìwé ìtajà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ àti aago wà níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti káàdì ìdánimọ̀ olùrà. Ẹ tẹ̀ lé e títí orúkọ á fi kúrò ní tiyín lórí ìwé ọkọ̀. Tí olùrà bá ní, "Ẹ jẹ́ n máa lò ó ná, màá yí i tó bá yá," ẹ má tíì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì.